Ta Ló Ń Wa Bàálù Yìí?

Láràárọ̀ Sátidé, kí oòrùn tó mú, àwọn awakọ̀ òfuurufú tó wà lẹ́yìn oko ólífì nítòsí ìlú Sfax ní Tùnísíà a máa jókòó yí ìkòkò tíì ká níwájú ilé tí wọ́n ń kó bàálù kéékèèké sí. Bí tíì bá ṣe ń hó, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ń hó.

Lọ́jọ́ tí à ń wí yìí, ọ̀rọ̀ Béya ni wọ́n ń sọ, Béya fúnra rẹ̀ sì jókòó sáàárín wọn, ó ń lá ṣúgà bambalúnì, àkàrà dídùn tí wọ́n dín, kúrò ní ìka. Ọ̀dọ́bìnrin yìí ti gba ìwé ẹ̀rí awakọ̀. Chedly, ọ̀gá ẹgbẹ́ awakọ̀ náà, sì fẹ́ kó di olùkọ́ láti ọjọ́ Mọ́ńdè. Akẹ́kọ̀ọ́ tó máa kọ́kọ́ kọ́ ti wà nílẹ̀: Faouzia apòògùn, ìyá ọlọ́mọ méjì, tó ti ń lálàá òfuurufú láti kékeré.

"Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n fò, ó mọ̀ ọ́n kọ́ni," ni Chedly wí. "Ìdánwò wo la tún ń wá? Ẹ jẹ́ kí n buwọ́ lu ìwé olùkọ́ rẹ̀."

"Ẹni tó bá mọ oúnjẹ í jẹ, ó mọ̀ ọ́n sè nìyẹn," ni Mongi dáhùn láti abẹ́ apá bàálù. "Lọ sọ bẹ́ẹ̀ fún ìyàwó ẹ."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mongi ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́. Láti ọjọ́ tí Chedly ti ta bàálù àtijọ́ tí Mongi fi kọ́ wọn fún ilé oúnjẹ kan, tí wọ́n gbé e sẹ́nu ọ̀nà bí ère, kò mu tíì Chedly mọ́.

"Bàbá, ẹ sún mọ́ wa, ẹ wá mu tíì," ni Chedly wí.

"Mo gbé tèmi wá." Ó gbọn fláàsì rẹ̀.

"Bàbá, mo yege nínú ìdánwò mi," ni Béya wí. "Ṣé kí n tún padà sílé ẹ̀kọ́, kí àjèjì láti Tunis, olú ìlú, wá tún dán mi wò?"

"Ìjókòó òsì lo ti yege. Apá ọ̀tún ni olùkọ́ ń jókòó. Fífò ni wọ́n dán ẹ wò, ọmọ mi, wọn ò tíì dán ẹ wò nínú ìkọ́ni. Kò sẹ́ni tó tíì ṣe àṣìṣe mọ́ ẹ lọ́wọ́ rí."

"Láyé tiwa, ta ló dán wa wò?" ni Chedly bi í.

"Àwọn tó yẹ kó dá ẹ lóhùn ti kú."

Mongi dìde. "Béya, jẹ́ ká gòkè. Èmi ni Faouzia. Ìwọ lolùkọ́."

Béya jókòó sọ́tùn-ún, Mongi sósì, ọ̀pá ìdarí sì wà níwájú ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn. Wọ́n gbéra. Igi ólífì tò sísàlẹ̀ wọn bí ìlà òòyà lórí irun tuntun. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni adágún iyọ̀ wà, ó funfun lọ salalu. Kùrukùru ti dà bò ó. Sánmà funfun, ilẹ̀ funfun, kò sí ibi téèyàn ti lè sọ pé ọ̀kan parí. Ìyá àgbà Béya a máa sọ pé ọ̀run ní í sọ̀ kalẹ̀ wá lá iyọ̀ níbẹ̀. Béya rántí rẹ̀, ara rẹ̀ sì fúyẹ́ bí ẹni tí wọ́n gbé pọ̀n.

Mongi ń fò bí akẹ́kọ̀ọ́. Ó jẹ́ kí imú bàálù gbé sókè jù. Béya na ọwọ́ sí ọ̀pá ìdarí tirẹ̀, ó rọra tún un ṣe, ó sì mú ọwọ́ kúrò. Kò sọ pé òun ti gba ọ̀pá, kò sì sọ pé òun ti dá a padà.

Bàálù ń lọ jẹ́ẹ́. Ẹ́ńjìnnì ń kùn bí oyin lókèèrè. Nísàlẹ̀, àwọn ẹyẹ ẹlẹ́sẹ̀ gígùn gbéra lórí omi iyọ̀, ìyẹ́ wọn pọ́n bí ojú ọ̀run ìrọ̀lẹ́. Béya ń wò wọ́n, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Wọ́n mà rẹwà o.

Lẹ́yìn náà ló wá ń rò ó: kí ló dé tí wọ́n tóbi tó báyìí?

"Olùkọ́," ni Mongi wí wọ́ọ́rọ́wọ́, "ta ló ń wa bàálù yìí?"

Béya wo ọwọ́ rẹ̀: ó wà lórí itan. Ọwọ́ Mongi náà wà lórí itan, bàálù sì ti ń rọra sọ̀ kalẹ̀. Ó fa ọ̀pá, ó fi kún agbára ẹ́ńjìnnì, bàálù sì gùnkè kúrò nínú funfun náà. Ìgbà tó rí òkun lọ́ọ̀ọ́kán ló tó mí.

"Mo rò pé ẹ̀yin ni."

"Nígbà tí mo rí i pé ọwọ́ ẹ wà lórí ọ̀pá, mo fi sílẹ̀, nítorí akẹ́kọ̀ọ́ kì í bá olùkọ́ du ọ̀pá. Ojú mi ò kúrò lára aago tó ń sọ bá a ṣe ga tó. Faouzia ò ní mọ̀ pé ó yẹ kóun wò ó. Ìwọ ni yóò máa wò."

Nígbà tí wọ́n balẹ̀, Faouzia ti dé, ó dúró ti Chedly.

"Ṣé ká buwọ́ lù ú?" ni Chedly bi Béya.

"Rárá, ọ̀gá. Ẹ jẹ́ kí n lọ kọ́ ìkọ́ni ná, kí wọ́n dán mi wò." Béya yíjú sí Faouzia. "Ìyá wa, ẹ bá mi fara dà á. Ká ní ẹ̀yin lẹ wà pẹ̀lú mi lónìí, ǹ bá ti pa yín."

Faouzia wo bàálù náà. "Mo ti ń dúró láti kékeré. Bó o bá padà dé, mo máa bi ẹ́ pé ta ló dán ẹ wò o. Má bínú."

"Ẹ bi mí, ìyá wa. Kí n tiẹ̀ tó gbé yín jókòó ni kẹ́ ẹ bi mí."

Mongi bu tíì fún Béya nínú fláàsì rẹ̀. Kò fún Chedly.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń wa bàálù, ẹ má wo ọ̀dà ara rẹ̀ nìkan. Ẹ bi olùkọ́ yín bóyá wọ́n ti dán an wò nínú ìkọ́ni, lórí ìjókòó ọ̀tún, lójú òfuurufú, lọ́wọ́ ẹni tí kì í ṣe ọ̀gá tàbí ọ̀rẹ́ rẹ̀. Bó bá bínú, ẹ sọ̀ kalẹ̀. Ẹ̀yin olùkọ́, nígbàkigbà tẹ́ ẹ bá gba ọ̀pá, ẹ fẹnu sọ ọ́ pé "Ó ti wà lọ́wọ́ mi". Tẹ́ ẹ bá dá a padà, ẹ sọ ọ́, kẹ́ ẹ sì dúró títí ẹnì kejì yóò fi dáhùn. Ẹ̀yin ọ̀gá ẹgbẹ́, ẹ má fi ìbuwọ́lùwé rọ́pò ìdánwò nítorí pé akẹ́kọ̀ọ́ pọ̀ nílẹ̀.

Òfuurufú dùn ún wò, ó sì ń múni lálàá. Ṣùgbọ́n nínú bàálù tó ní ọ̀pá ìdarí méjì, ẹnì kan gbọ́dọ̀ wà lójúfò, kó sì mọ̀ pé òun ni.