Kápúsù Inú Báàgì Dókítà

"Dókítà, gbà mí o! Inú ń run mí!"

Ọmọkùnrin kan ló ń ké bẹ́ẹ̀ nínú kíláàsì, tó fi orí lé tábìlì, tó di ikùn mú. Ọmọbìnrin tí wọ́n ń pè ní Dókítà kò tilẹ̀ bi í léèrè ohun tó jẹ. Ó ṣí ẹ̀gbẹ́ báàgì rẹ̀, ó yọ kápúsù aláwọ̀ méjì kan, ó ní, "Gbé e mì. Á dá a dúró."

Ẹ ò rí nǹkan! Ọmọ tí kò tíì jáde níléèwé girama! Àṣà kíláàsì wọn ni pé ẹni tí ara rẹ̀ bá ti yá kí oògùn tó tán, á kó ìyókù wá fún un. Òun náà á gbà á, á sì máa pín in fún ẹni tó bá ń ṣàìsàn. Orúkọ Dókítà yẹn dùn mọ́ ọn jọjọ.

Òun àti ìyá àgbà rẹ̀ nìkan ló ń gbé. Obìnrin náà ló tọ́ ọ láti kékeré, tó ń fi iṣẹ́ aránṣọ bọ́ ọ. Kò tíì pẹ́ tí wọ́n dé láti ọsibítù, níbi tí wọ́n ti fi oògùn líle wo àìsàn ẹ̀dọ̀fóró màmá sàn. Nọ́ọ̀sì ti kìlọ̀ fún ọmọ náà lẹ́nu ọ̀nà: "Bí màmá bá bẹ̀rẹ̀ sí í yàgbẹ́ gbuuru, ẹ tètè gbé wọn padà wá. Ẹ má fún wọn ní kápúsù kankan o." Ó ní òun ti gbọ́.

Ìgbẹ́ gbuuru náà dé lóòótọ́, ìdánwò àṣekágbá sì ku ọ̀la. Ọmọ náà ń fọ aṣọ ibùsùn, ó ń ronú. Bí wọ́n bá padà sí ọsibítù, ó lè má ráyè kàwé mọ́, ó tiẹ̀ lè pàdánù ìdánwò.

"Màmá, mo ní oògùn rẹ̀ lọ́wọ́. Àbí kí á padà sí ọsibítù?"

"Ìwọ lo mọ̀, Dókítà mi," ni màmá dáhùn. "Ohun tó o bá fún mi ni màá lò."

Ó fún wọn. Nígbà tí kò dáwọ́ dúró, ó fi kún un, ó ní bóyá kò tíì tó ni, ó sì gba ilé ìdánwò lọ. Bó ṣe ṣe é nìyẹn títí tí ìdánwò fi parí. Nígbà tó padà dé, ikùn màmá ti le gbandi, ara wọn gbóná, wọn ò sì lè dìde mọ́. Ó figbe ta. Mẹkáníìkì ilé kejì ló fi ọkọ̀ gbé wọn lọ.

"Kí lo fún wọn?" ni dókítà gidi bi í.

"Kò sí nǹkan kan, sà."

Màmá la ojú díẹ̀. "Ẹ má bá a wí. Ó tọ́jú mi dáadáa, gbogbo kápúsù rẹ̀ ló fún mi."

Ọmọ náà bú sẹ́kún, ó sì da báàgì rẹ̀ sórí tábìlì. Dókítà mí kanlẹ̀.

"Inú èèyàn kò ṣófo, ọmọ mi. Àwọn kòkòrò tíntìntín tí ojú ò lè rí ń gbé ibẹ̀, púpọ̀ nínú wọn ló sì ń ṣe wá lóore. Wọ́n ń jẹ́ kí oúnjẹ dà nínú wa, wọn kì í jẹ́ kí àwọn tó burú ráyè. Oògùn tó wo ẹ̀dọ̀fóró màmá ti pa lára wọn, ìwọ sì tún fi kápúsù pa àwọn tó kù. Bí ológbò bá kúrò nílé, ilé á di ilé èkúté. Ká ní o tètè gbé wọn wá ni!"

Wọ́n sa gbogbo ipá wọn, ṣùgbọ́n ẹ̀pa ò bóró mọ́. Màmá kú kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ọmọ náà yege nínú ìdánwò rẹ̀. Kò rí ẹni tó máa fi èsì náà hàn nílé. Lọ́jọ́ tó lọ gbà á, ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan sáré bá a: "Dókítà, orí ń fọ́ mi, wá nǹkan fún mi."

"Má pè mí bẹ́ẹ̀ mọ́," ló wí, omi sì lé ròrò sójú rẹ̀. "Lọ bi ẹni tó mọ̀ ọ́n. Èmi ò gba ìkìlọ̀, mi ò sì béèrè, mo sì fọwọ́ ara mi pa ìyá àgbà mi."

Ẹ̀yin ọmọ, oògùn tó wo ẹnì kan sàn lè pa ẹlòmíràn. Abéèrè kì í ṣìnà. Ẹni tí kò béèrè, àbámọ̀ ni yóò gbẹ̀yìn rẹ̀.