Sítíìkì Tí Kò Béèrè Nǹkan Kan

Kì í ṣe àlọ́ ni mo ń pa. Télọ̀ ni mí, mo sì mọ ohun tí ẹ ó sọ: pé télọ̀ a máa purọ́. Òótọ́ ni. Mo ti purọ́ ọjọ́ tí aṣọ yóò jáde fún ìdajì àwọn obìnrin Ẹ̀jìgbò. Ṣùgbọ́n èyí tí mo fẹ́ sọ yìí, n kò fi ẹyọ ọ̀rọ̀ kan kún un. Ó wù mí kí ó jẹ́ irọ́.

Ràshídátù lorúkọ mi, Ìyá Irfan ni àwọn oníbàárà mi ń pè mí. Ojú ọ̀nà tó lọ sí Másífà ni ṣọ́ọ̀bù mi wà, ó sì ti pé ọdún mọ́kàndínlógún tí mo ti ń ránṣọ níbẹ̀. Kàléńdà sítáìlì ni mo lẹ̀ mọ́ ara ògiri. Ẹni tó bá fẹ́ ránṣọ á nawọ́ sí èyí tó wù ú, èmi á sì fi téèpù wọ̀n ọ́n.

Nígbà tó yá, Joanna ṣí ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ sí òdìkejì títì. Èmi ni mo kọ́ ọ níṣẹ́. Ọmọ ilé onígbàgbọ́ ni, láti Másífà. Ọdún mẹ́ta ló lò lọ́dọ̀ mi. Ìwọ̀n kan náà ni èmi àti ẹ̀, láti èjìká dé gìgísẹ̀, nítorí náà ara rẹ̀ ni mo máa ń fi dán aṣọ tèmi wò. Lẹ́yìn tó gba fíríìdọ̀mù, ó lọ sí Àbíjàn. Ó pẹ́ níbẹ̀. Ìgbà tó dé, ó ń pe sítáìlì ní mọdẹ́ẹ̀lì, ó sì gbé tẹlifíṣọ̀n ńlá kọ́ sára ògiri.

Kò ju oṣù méjì lọ tí àwọn oníbàárà mi fi bẹ̀rẹ̀ sí í sọdá títì. Àwọn ọmọṣẹ́ mi méjèèjì náà sọdá. Èmi nìkan ló kù nídìí ẹ̀rọ. Mo máa ń gbọ́ ẹ̀rín wọn láti ọ̀hún, á sì máa ro mí nínú bí abẹ́rẹ́ tó kán sínú ìka.

Mùbárákà ló sọ ọ́ lójú mi. Èmi ni mo rán aṣọ ìsọmọlórúkọ gbogbo ọmọ rẹ̀.

"Ìyá Irfan, ẹ má bínú sí mi. Ọmọ yẹn máa ń mọ ohun tí èèyàn fẹ́ rán kí èèyàn tó lanu."

"Ta ló ń sọ fún un?"

"Inú tẹlifíṣọ̀n ló ti ń rí i. Nǹkan kékeré kan ló kì bọ ẹ̀yìn rẹ̀."

Ọ̀sán ọjọ́ náà ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka owó tó wà lọ́wọ́ mi.

Ní ọjọ́ kejì, mo lọ bá Oyèníran, tó ń ta fóònù àti ohun èlò tẹlifíṣọ̀n nítòsí ọjà. Mo ní tẹlifíṣọ̀n kan nílé. Sítíìkì rẹ̀ ni mo wá rà, ìyẹn nǹkan gbọọrọ bí àtàǹpàkò tí wọ́n ń kì bọ ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n kí ó lè máa fa àwòrán láti orí íńtánẹ́ẹ̀tì. Oyèníran kó mẹ́ta kalẹ̀ síwájú mi.

"Kí lẹ fẹ́ máa fi wò, Ìyá Irfan?"

"Sítáìlì aṣọ."

"Báwo ni tẹlifíṣọ̀n yín ṣe tóbi tó?"

Mo fi ọwọ́ méjèèjì wọ̀n ọ́n fún un.

"Kò tóbi. Ẹ má wulẹ̀ ra èyí tí àwòrán rẹ̀ mọ́ jù, tẹlifíṣọ̀n yín kò lè gbé e yọ. Èyí náà rèé, ó máa ń jẹ dátà bí iná ṣe ń jẹ koríko. Èyí àárín ni kí ẹ mú. Ẹ lè bá rìmóòtù rẹ̀ sọ̀rọ̀. Bó bá sì dàrú, mo mọ bí mo ṣe máa tún un ṣe."

Ìmọ̀ràn gidi ni. Etí mi kò gbà á.

"Èwo ni Joanna mú?"

"Kò sí lára ìwọ̀nyí."

"Oyèníran, èwo ló mú?"

Ó fa àpótí tábìlì rẹ̀. Ó mú ọ̀kan jáde. Dúdú ni. Kò ní páálí. Kò ní rìmóòtù. Wọn kò kọ orúkọ kankan sí i lára.

"Méjì ni mo bá nísàlẹ̀ ẹrù kan. N kò mọ ẹni tó kó o síbẹ̀. Joanna rí i, ó ní òun fẹ́ ọ̀kan. Èyí ni ìkejì rẹ̀. Ẹ má rà á."

"Kí ló ṣe é?"

"Mo dán an wò lẹ́ẹ̀kan. Àwọn yòókù, bí ẹ bá ti kì wọ́n bọ tẹlifíṣọ̀n, wọ́n á béèrè. Èdè wo? Wai-Fai wo? Orúkọ ta ni? Èyí kò béèrè nǹkan kan. Ó kàn ṣí ni. N kò fẹ́ràn rẹ̀."

"Ṣé ó ń ṣiṣẹ́?"

"Ó ń ṣiṣẹ́."

"Ohun tí Joanna ní ni mo fẹ́. Wé e fún mi."

Ìgbà ọyẹ́ ni. Ọ̀sán ni, eruku bo títì, oòrùn funfun bí owó ẹyọ. Mo gbé tẹlifíṣọ̀n sórí tábìlì tí mo fi ń gé aṣọ. Mo kì sítíìkì náà bọ ẹ̀yìn rẹ̀. Ó ṣí. Bí Oyèníran ṣe wí, kò béèrè nǹkan kan.

Obìnrin kan ni mo rí. Ó kẹ̀yìn sí mi. Kò sí orin, kò sí ọ̀rọ̀. Ìró sísọ́ọ̀sì nìkan ni mo ń gbọ́, tó ń gé aṣọ díẹ̀díẹ̀ níbi tí n kò lè rí. Bùbá àdìrẹ ni obìnrin náà wọ̀, ọrùn rẹ̀ ká bí ewé kókò. Mo wo èjìká rẹ̀. Ti òsì rẹ̀ rẹlẹ̀ díẹ̀. Mo mọ èjìká yẹn. Mo ti wọ̀n ọ́n rí.

Lọ́jọ́ kẹta, Àbẹ̀bí, ìyá àgbà kan tó jẹ́ oníbàárà mi, wọlé. Èjìká òsì rẹ̀ ló rẹlẹ̀. Àdìrẹ yẹn gan-an ló wà ní abíyá rẹ̀.

"Ràshídátù, mo fẹ́ kí o bá mi rán…"

"Bùbá tí ọrùn rẹ̀ ká, Màmá. Bí ewé kókò."

Ó sọ àdìrẹ náà kalẹ̀ sórí tábìlì. "Ta ló sọ fún ọ?"

Mo ń wo òdìkejì títì. Mo fẹ́ kí Joanna rí ẹni tó wà ní ṣọ́ọ̀bù mi.

Láti ìgbà náà, ẹni tí mo bá ti rí nínú tẹlifíṣọ̀n, kì í ju ọjọ́ méje lọ tí yóò fi gbé aṣọ náà wá. Kò yẹ̀ rí. Wọn kì í kọjú sí mi. Ẹ̀yìn wọn ni mo máa ń rí, mo sì mọ ẹ̀yìn gbogbo wọn. Àwọn èèyàn tún bẹ̀rẹ̀ sí í sọdá títì, wọ́n ń bọ̀ lọ́dọ̀ mi. Mùbárákà padà. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọṣẹ́ mi wá kí mi, ojú ń tì í. Ó yẹ kí ọkàn mi balẹ̀. Kò balẹ̀. Bí mo bá rí ẹni mẹ́wàá lọ́dọ̀ mi tí mo rí ẹyọ kan lọ́dọ̀ Joanna, ẹyọ kan yẹn ni mo máa ń kà.

Ọjọ́bọ̀ kan, mo kírun Alásàrí tán, mo padà wọ ṣọ́ọ̀bù. Tẹlifíṣọ̀n ti ń ṣiṣẹ́. Mo rántí pé mo pa á.

Gáàwùn funfun ni obìnrin inú rẹ̀ wọ̀. Léèsì wà ní ọrùn ọwọ́ rẹ̀. Ó wọ ìbọ̀wọ́ funfun, ó wọ ìbọ̀sẹ̀ funfun, kò wọ bàtà. Mo sún mọ́ ọn láti wo bí wọ́n ṣe rán ẹ̀yìn rẹ̀. Kò sí sípù. Kò sí bọ́tìnnì. Wọ́n là á láti ọrùn dé ilẹ̀.

Gbogbo télọ̀ ló mọ aṣọ tí wọ́n ń là lẹ́yìn báyẹn. Ẹni tó ń wọ̀ ọ́ kì í fúnra rẹ̀ wọ̀ ọ́.

Ìró sísọ́ọ̀sì dákẹ́. Mo fi ojú wọn èjìká náà. Mo wọn ìbàdí. Mo wọn gígùn rẹ̀. Àwa Mùsùlùmí kì í rán gáàwùn fún òkú. Onígbàgbọ́ ni, mo sì mọ ìwọ̀n ara rẹ̀ bí mo ṣe mọ tèmi.

Joanna ni.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Inú mi dùn. Kò pẹ́ púpọ̀, ṣùgbọ́n ó dùn. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rù dé. Mo fa sítíìkì náà yọ, mo fi sínú páànù bọ́tìnnì, mo sì dé e pa. N kò sọdá títì. N kò sọ fún un.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọjọ́. Mo ń wò ó láti ẹnu ọ̀nà mi, bóyá ó rù, bóyá ó ń gbọ̀n. Òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í kí mi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Láàárọ̀: "Ọ̀gá mi, ṣé ara yín le?" Lọ́sàn-án: "Ọ̀gá mi, ṣé ẹ ti jẹun?" Ó gbé ọsàn wá fún mi, ó ti bó o. Mo rò pé ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. N kò jẹ ẹ́.

Ọjọ́ Jímọ́ọ̀ ọ̀sẹ̀ kejì, lẹ́yìn tí ọjọ́ méje ti kọjá, ó wá dúró lẹ́nu ọ̀nà mi. Àwọn ọkùnrin ti lọ sí mọ́sálásí, títì dá páropáro.

"Ọ̀gá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá wo nǹkan."

Mo tẹ̀lé e. N kò tíì wọ ṣọ́ọ̀bù yẹn rí. Kò sí iná. Láti àárọ̀ ni kò ti sí iná. Tẹlifíṣọ̀n ńlá náà ń ṣiṣẹ́.

Ẹnìkan ló wà níbẹ̀, ó kẹ̀yìn sí wa. Aṣọ funfun ni wọ́n fi wé e, láti orí dé ẹsẹ̀. Kò ní ojú abẹ́rẹ́ kankan. Wọ́n so ó lókè orí, wọ́n so ó ní ìbàdí, wọ́n so ó nísàlẹ̀ ẹsẹ̀. Líkáfànì ni. Ẹni tí wọ́n bá wé báyẹn, wọ́n ń tẹ́ ẹ sílẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n òun wà ní ìdúró.

"Ẹ̀yin ni," ni Joanna wí. Ohùn rẹ̀ kò ju èémí lọ. "Ìwọ̀n yín ni. Mo mọ̀ ọ́n."

"Ìwọ̀n tìẹ náà ni."

"Àwa kì í wé òkú báyẹn, Ọ̀gá mi."

"Ọjọ́ wo lo ti rí i?"

Ó tún kọjú sí tẹlifíṣọ̀n.

"Joanna. Ọjọ́ wo?"

"Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́."

"O ò sọ fún mi."

Ó yíjú sí mi. Ó wò mí bí ìgbà tí télọ̀ ń wo ibi tí aṣọ ti ya.

"Kí lẹ rí nínú tiyín?"

Kò nílò ìdáhùn mọ́. Mo rí i lójú rẹ̀ pé inú òun náà ti dùn rí, fún ìwọ̀nba ìgbà tí inú tèmi fi dùn. A dúró bẹ́ẹ̀. Lórí tẹlifíṣọ̀n, ẹni tí wọ́n wé náà bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà. Kò gbé ẹsẹ̀. Ó ń yí padà ni, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí aṣọ tí wọ́n fi kọ́ tí atẹ́gùn kàn. Joanna di ọwọ́ mi mú. Èékánná rẹ̀ wọ̀ mí lára.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí á rí ẹ̀gbẹ́ ojú rẹ̀, tẹlifíṣọ̀n náà ṣú.

A fa sítíìkì náà yọ. A kó méjèèjì padà fún Oyèníran. Kò fọwọ́ kàn wọ́n. Ó ní kí á gbé wọn kúrò níwájú òun. A sọ wọ́n sínú kànga àtijọ́ tí wọn kì í fà mọ́, lẹ́yìn ilé bàbá Joanna. A dúró, a tẹ́tí. A kò gbọ́ kí nǹkan kan bọ́ sómi.

Ọdún kan àti oṣù mẹ́rin rèé. Kò sí ẹni tó kú nínú wa. Kò sí ẹni tó gbé aṣọ funfun wá. Bí wọ́n bá gbé e wá, a kò ní gbà á. Joanna kó ẹ̀rọ rẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù mi, a jọ ń ránṣọ, a kẹ̀yìn síra wa. Àwọn èèyàn ń yìn wá pé ọ̀gá àti ọmọṣẹ́ ti parí ìjà. N kò mọ̀ bóyá ẹ̀rù ló gbé e wá síbí, àbí ó ń retí nǹkan. N kò mọ èyí tó ń ṣe èmi náà.

Bí ó bá wúkọ́, ọwọ́ mi á dúró lórí aṣọ. Bí èmi bá wúkọ́, n ó gbọ́ tí ẹ̀rọ rẹ̀ á dákẹ́.