Rárá Corinne

Àárọ̀ kùtù ni Corinne Halvorsen kọ́kọ́ rí Tobin Reyes, nísàlẹ̀ Òkè Harlan, níbi tí wọ́n ń gbé mọ́tò sí. Fìlà pupa ló dé, búrẹ́dì ń bẹ lẹ́nu ẹ̀, ó gbé pátákó tí wọ́n fi ń yọ̀ lórí yìnyín léjìká, ó sì ń rẹ́rìn-ín bí ẹni pé bàbá ẹ̀ ló ni òkè náà. Ó rẹwà. Ìyẹn gan-an ló kọ́kọ́ bí Corinne nínú.

Kò sẹ́ni tó ń gun Harlan nígbà ìrúwé láìso ẹ̀rọ kékeré mọ́ àyà, èyí tó ń ké kí wọ́n lè wá onítọ̀hún rí bí yìnyín bá ya bò ó. Corinne ló ń fi ẹ̀rọ tirẹ̀ yẹ̀ wọ́n wò lọ́jọ́ náà. Tobin kọjá níwájú ẹ̀, àmọ́ Corinne ò gbọ́ kí ohunkóhun ké.

"Dúró ńbẹ̀. Ẹ̀rọ ẹ dà?"

"Ó wà nínú báàgì. Tá a bá dókè, màá tàn án."

"Ṣé yìnyín máa dúró kó o tú báàgì ni? So ó mọ́ àyà, jàre!"

"Ẹ má bínú, màmá."

"Màmá ta ni?"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Tobin so ó, ẹ̀rọ ké. Nígbà tí wọ́n máa fi sọ̀ kalẹ̀, àwọn méjèèjì ti jọ ń jẹ búrẹ́dì kan náà, kò sì pẹ́ tí ìfẹ́ wọn fi di ohun tí gbogbo ìlú mọ̀.

Òfin kan wà láàárín àwọn tó ń gun òkè yẹn. Bí ẹnì kan ṣoṣo bá ti sọ pé "rárá," gbogbo wọn á padà, ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ béèrè ìdí. Ẹni tó sọ ọ́ nìkan ló lè mú un kúrò.

Ó wá di òru ọjọ́ kan, ìkùukùu bo ojú ọ̀run, yìnyín ò dì, bẹ́ẹ̀ èyí tí ò bá dì lóru ló máa ń ya. Nígbà tí Corinne, Tobin àti Gus ọ̀rẹ́ Tobin fi máa dé ẹsẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè náà láàárọ̀, ẹsẹ̀ wọn ń rì dé orúnkún, yìnyín rọ̀ bí ògì.

"Rárá," ni Corinne wí.

"Ìfẹ́ mi, wo ipa àwọn èèyàn níwájú. Wọ́n gùn ún, wọ́n sì padà wálé."

"Àná ni wọ́n gùn ún! Yìnyín àná dì, tòní ò dì. Rárá ni mo wí."

Gus dúró. Tobin rọra fọwọ́ pa Corinne lẹ́rẹ̀kẹ́, ó rẹ́rìn-ín, ó ń gun òkè lọ. Ẹ gbọ́, ó rẹ́rìn-ín! Ó fi ọ̀rọ̀ obìnrin tó fẹ́ràn ẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ lójú ọ̀rẹ́, ó lọ.

Kò tíì dé ìdajì tí yìnyín fi ya. Ó gbé e lọ, ó sì bò ó mọ́lẹ̀.

Ẹ̀rọ tí Corinne fipá mú un so yẹn ló ké tí wọ́n fi mọ ibi tó wà. Òun àti Gus fi ṣọ́bìrì gbẹ́ yìnyín tẹkúntẹkún títí wọ́n fi kan fìlà pupa. Orí ló yọ ọ́, apá kan ló kán.

Arne, bàbá Corinne, ò fi bò. "Ọkùnrin tí ò gbọ́ 'rárá' lórí òkè, ṣé inú ilé ló ti máa gbọ́ ọ?"

Ìbéèrè yẹn ò jẹ́ kí Corinne sùn.

Tobin wá sẹ́nu ọ̀nà wọn, ó fi aṣọ gbé apá kọ́rùn. "Mo jẹ̀bi, Corinne. Jọ̀ọ́, fẹ́ mi."

"Rárá."

Ó ṣí fìlà, ó sì lọ. Kò pè, kò rán ẹnikẹ́ni sí i. Inú tún bí Corinne. Ìgbà tó yẹ kó gbọ́, ó di etí. Ìgbà tí èèyàn ń retí kó tún bẹ̀bẹ̀ díẹ̀, ó gbọ́!

Ìgbà ìrúwé mìíràn dé. Yìnyín dì gbagidi láàárọ̀ ọjọ́ kan, ojú ọ̀run mọ́, kò sí ewu kankan tẹ́nikẹ́ni rí. Gus ti kó wọn jọ, àti Tobin àti Corinne. Odile, ọmọbìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dara pọ̀ mọ́ wọn, sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ pé, "Ẹ jọ̀ọ́, rárá."

"Lónìí kẹ̀? Kí ló dé?" ni Gus ń kùn.

Tobin ti yí pátákó ẹ̀ padà. "Ó ti wí i, Gus. Má béèrè. Ẹ jẹ́ ká lọ mu kọfí."

Corinne ń wo ẹ̀yìn ẹ̀ bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀. Ìbínú ọdún kan gbáko yọ́ nínú ẹ̀.

Nídìí mọ́tò, ó lọ dúró níwájú Tobin, ó gbé ẹ̀rọ tirẹ̀ sún mọ́ àyà ẹ̀. Ẹ̀rọ àyà Tobin ké.

"Mi ò bọ́ ọ láti ọjọ́ yẹn," ni Tobin wí. "Sùúrù sì ni mo ń ṣe. Ìwọ nìkan lo lè mú 'rárá' ẹ kúrò."

"Alágídí, mo ti mú un kúrò. Ṣé wàá fẹ́ mi?"

Tobin ò rẹ́rìn-ín lọ́tẹ̀ yìí. Omi lé ròrò sójú ẹ̀.

"Bẹ́ẹ̀ ni, màmá."