Orúkọ Tí Ẹ̀gbọ́n Mi Mú Lọ

Mo ti ń wa bọ́ọ̀sì ilé ìwé jáde kúrò ní ìlú Lawton nígbà tí ẹ̀rín bẹ́ lẹ́yìn mi.

"Ẹ gbọ́ o!" Braden, ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́, gbé ìwé ìtàn sókè. "Wọ́n ní inú igi oníhò ni àwọn Kiowa, ẹ̀yà onílẹ̀ àtijọ́ agbègbè wa, ti jáde wá sáyé. Aboyún kan ló há sẹ́nu ihò, àwọn tó kù ò rọ́nà jáde. Ìdí tí wọn ò fi pọ̀ nìyẹn!"

"Ṣé wọn ò lè fà á ni?" ẹnìkan wí. Ẹ̀rín tún sọ.

"Àwọn Tó Ń Jáde Bọ̀ ni wọ́n ń pe ara wọn láyé àtijọ́. Leota, ṣé Kiowa kọ́ ni ẹ́?" Braden béèrè.

Ọmọ ọmọ mi ni Leota, ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ilé ìwé náà ni. Kò lọ́rẹ̀ẹ́ kankan.

"Èmi kẹ̀? Ará Mẹ́síkò ni wá."

"Bàbá awakọ̀ yẹn ńkọ́? Ṣebí ẹ jọ máa ń dé ni."

"N ò mọ̀ ọ́n. Awakọ̀ lásán ni."

Mo di sítiárìn mú.

Nírọ̀lẹ́, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin béèrè bí ọmọ wa ṣe ń ṣe. Òun ló fẹ́ fi orúkọ Kiowa tirẹ̀ jíǹkí Leota níbi ijó ọdọọdún ẹ̀yà wa ní oṣù keje, lójú gbogbo ẹbí. Mi ò mọ irọ́ pa. Mo sọ fún un.

Ó ní: "Orúkọ mi kì í ṣe fìlà tí wọ́n ń ṣí bí ooru bá mú. Ó di ọdún tó ń bọ̀. Kó kọ́kọ́ jáde kúrò nínú igi ná."

Nígbà tí ilé ìwé wọlé padà ní oṣù kẹjọ, Leota dìde láàárín bọ́ọ̀sì. "Kiowa ni mí. Bàbá àgbà mi ló ń wakọ̀ yìí." Wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí a fi dé. Kò jókòó.

Inú ẹ̀gbọ́n mi dùn. "Ó ti jáde. Ó di oṣù keje."

Àìsàn rọpárọsẹ̀ kọlu ẹ̀gbọ́n mi ní oṣù kejì ọdún tó tẹ̀lé e. Ẹnu rẹ̀ kò ṣí mọ́. Ọjọ́ mẹ́ta ni Leota fi jókòó ti bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, tó ń wo ẹnu yẹn. Ọjọ́ kẹrin la sin ín.

"Bàbá àgbà, ẹ̀yin ẹ fún mi. Ṣebí ẹ mọ orúkọ náà."

"Mo mọ̀ ọ́n. A kì í pe orúkọ òkú nílé wa; ẹni tó ni ín nìkan ló lè fi jíǹkí ọ, nígbà tó wà láàyè."

Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ẹni tó sẹ́ àwọn èèyàn rẹ̀ nítorí ẹ̀rín lè rí ìdáríjì gbà, ṣùgbọ́n ọjọ́ kì í dúró dè é. Kì í dúró de àgbà tó ń fi ìbáwí falẹ̀ náà.

Leota ti pé ogún ọdún báyìí. Èmi àti òun nìkan ló kù nílé. Kò ní orúkọ Kiowa.