Ọdún Mẹ́ta Tí Mo Kà fún Aunty Mìsítúrà

"Habeebullah!"

Orúkọ kan ṣoṣo tí Uncle Adébánjí, olùkọ́ni wa, pè lórí pápá Peckham Rye nílùú Ọba lọ́jọ́ náà nìyẹn. Mo ṣì dúró, mo ń retí kí wọ́n pe tèmi. Wọ́n ká ìwé ọwọ́ wọn, wọ́n fi sápò.

Bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà là ń gbá, èyí tó rí bí ẹyin, tí à ń fọwọ́ gbé sáré. Èmi ni mo mú Habeeb débẹ̀. Lóṣù mẹ́jọ sẹ́yìn, kò tiẹ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń di bọ́ọ̀lù náà mú. Èmi ni mo kọ́ ọ. Ní báyìí, ilé ẹ̀kọ́ kan ní Amẹ́ríkà fẹ́ gbà á lọ́fẹ̀ẹ́, kó máa kàwé, kó sì máa gbá bọ́ọ̀lù fún wọn. Èmi Roqeeb ńkọ́? Kí n máa pàtẹ́wọ́.

Mo pàtẹ́wọ́ o. Mo tún dì mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n nǹkan kan ń ta mí láyà bí ata. Ìlara ni, mi ò ní fún un lórúkọ mìíràn.

"Bro, èmi àti ẹ la jọ ṣe é," Habeeb wí, ó ń rẹ́rìn-ín. Ìyẹn ló wá bà á jẹ́ pátápátá. Ká ní ó fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni, ǹ bá rí nǹkan dì mú.

Ìyá rẹ̀, Aunty Mìsítúrà, ní láti fọwọ́ sí ìwé kan kí ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ tó kọjá. Láàárín àwọn ìyá mọ́ṣáláṣí wa, èmi ni wọ́n máa ń pè bí lẹ́tà bá dé láti kánsù tàbí ọsibítù. Wọn kì í fún ọmọ tiwọn kà, nítorí ọmọ ẹni lè ka èyí tó dùn mọ́ ọn kó fo ìyókù. Ọmọ ọlọ́mọ ni wọ́n máa ń gbà gbọ́.

Bẹ́ẹ̀ ni Aunty ṣe fi ìwé náà síwájú mi ní kíṣìnì wọn lọ́jọ́ Sátidé, lẹ́yìn ìrun Alásárì. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ ìmọ́tótó dé. Wọ́n bu dòdò fún mi.

"Roqeeb, ọmọ mi, Habeeb ní iṣẹ́ ńlá ni bọ́ọ̀lù yìí. Bá mi wò ó lórí phone rẹ. Ẹni tó bá fi ṣiṣẹ́ ṣe, ọdún mélòó ló máa ń lò nídìí ẹ̀?"

Mo wò ó. Ohun méjì ni mo rí. Ẹgbẹ́ tó ń jà fún ẹ̀tọ́ àwọn agbábọ́ọ̀lù ní, bí a bá ka gbogbo ẹni tó wọlé pọ̀, iṣẹ́ náà kì í sábà ju ọdún mẹ́ta àti díẹ̀ lọ, nítorí ọ̀pọ̀ ni wọ́n ń tètè lé padà. Àwọn aláṣẹ ìdíje ní tiwọn ní, ẹni tó bá ríbi dúró nínú ẹgbẹ́ lọ́dún àkọ́kọ́ rẹ̀ máa ń lò tó ọdún mẹ́fà. Ìwé ilé ẹ̀kọ́ náà sì sọ ní ojú ewé kejì pé, bí ọmọ bá tiẹ̀ fara pa, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ rẹ̀ kò ní dúró.

"Ọdún mẹ́ta, Aunty."

"Mẹ́ta péré?"

"Ẹ̀ẹ́n. Orúnkún á sì ti bàjẹ́."

"Astaghfirullah! Ọmọ tí mo ń jí láago mẹ́rin ìdájí lójoojúmọ́ torí ẹ̀, kó lọ ba orúnkún jẹ́ nítorí ọdún mẹ́ta? Kò níbi tó ń lọ." Wọ́n ti ìwé náà sínú dúrọ́ọ̀.

Mo sọ fún ara mi pé mi ò parọ́. Mo jẹ dòdò náà tán.

Lọ́jọ́ Ajé, ojú Habeeb pọ́n. "Mum ò sign. Three years, three years ni wọ́n ń sọ. Who told her that?"

"Mi ò mọ̀," ni mo wí. Ẹ má bínú sí mi, inú mi dùn.

Nígbà tó di Ọjọ́rú, ayọ̀ náà ti kan lẹ́nu mi. Mo lọ sílé wọn, mo gbọ́wọ́ sókè láti kanlẹ̀kùn. Mo wá rántí pé orúkọ kan ṣoṣo ni wọ́n pè. Mo sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, mo wá bọ́ọ̀sì wọ̀ lọ sílé.

Lẹ́yìn Jímọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì, Uncle Adébánjí, tó jẹ́ Kìrìsìtẹ́nì, dúró de èmi, Habeeb àti Aunty Mìsítúrà lẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí.

"Ẹ kú ọ̀sán, ma. Mi ò rí form Habeeb, wọ́n sì ti fi ọmọ mìíràn dípò ẹ̀ láàárọ̀ yìí. Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Wọ́n ní ọdún mẹ́ta ni iṣẹ́ náà mọ."

"Èmi ò tiẹ̀ lò tó yẹn, ma. Ọdún méjì ni mo gbá a ní Amẹ́ríkà, tí orúnkún fi dá mi dúró. Ṣùgbọ́n ìwé tí mo kà níbẹ̀ ni mo fi ń ṣe tíṣà láti ọdún méjìdínlógún sẹ́yìn. Ẹni tó bá yín kà á ò ka ojú ewé kejì ni?"

Aunty ò pariwo. Wọ́n yọ ìwé náà nínú báàgì, níbi tí wọ́n fi sí láti dá a padà fún Uncle, wọ́n nà án sí mi. "Roqeeb, kà á. Kà á tán lọ́tẹ̀ yìí."

Mo kà á. Nígbà tí mo dé ibi ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, Habeeb gbé báàgì rẹ̀, ó bá tiẹ̀ lọ láìwẹ̀yìn.

Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa ń bá a. Tèmi ò lò tó ọ̀sẹ̀ kan. Uncle ní wọn yóò tún yan ọmọ lọ́dún tó ń bọ̀. Habeeb lè rí i, ó sì lè má rí i. Títí di òní, ìyá kankan ò tún fún mi ní lẹ́tà kà.

Òtítọ́ tí a là sí méjì, tí a fi ìdá kan pamọ́ nítorí ìlara, irọ́ ni. Mo ń ka ọdún tí ọ̀rẹ́ mi yóò lò nídìí bọ́ọ̀lù, mi ò ka tiwa. Ọdún mọ́kànlá la fi ṣọ̀rẹ́. Àwo dòdò kan ni mo fi parí rẹ̀.