Ariwo Irin Mi Nínú Rédíò

Iṣẹ́ ajórin ni mò ń ṣe. Géètì, fèrèsé onírin, àga ilé ìwé, kò sí èyí tí kì í wá sọ́wọ́ mi. Ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín ṣọ́ọ̀bù mi àti ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àdúgbò wa, ibẹ̀ náà sì ni àbígbẹ̀yìn mi, ọmọbìnrin, ti ń kàwé.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, mò ń mu tíì lọ́wọ́, rédíò ń sọ̀rọ̀ lórí tábìlì irinṣẹ́ mi. Mi ò fi bẹ́ẹ̀ fetí sí i, àfi ìgbà tí mo gbọ́ orúkọ ilé ìwé wa. Akọ̀ròyìn kan ní òun fẹ́ kí àwọn òbí fi etí ara wọn gbọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ́ àwọn ọmọ wọn. Ó kọ́kọ́ jẹ́ ká gbọ́ kíláàsì kan tí àwọn ọmọ ti ń ké tẹ̀lé tíṣà wọn, tí ohùn wọn ròkè lálá. Ó yìn wọ́n. Ó wá ní ká gbọ́ kíláàsì kejì. Ibẹ̀ dákẹ́.

"Ẹ ò rí i bó ṣe pa lọ́lọ́?" ni ó wí. "Tíṣà wà níbẹ̀ o. Ṣé ohun tí à ń pè ní ẹ̀kọ́ nìyí?"

Èmi ní tèmi, mo gbọ́ nǹkan kan. Lábẹ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀, mo gbọ́ ẹ̀rọ tí mo fi ń gé irin. Tí dísìkì rẹ̀ bá ti jẹ, ó ní bó ṣe máa ń han, kò sì sí ẹlòmíràn tí tirẹ̀ ń han bẹ́ẹ̀ ládùúgbò wa. Mo gbé ife tíì sílẹ̀.

Mo wá rántí ọkùnrin tó ni ohùn náà. Ó ti wá sí ṣọ́ọ̀bù mi lọ́sẹ̀ tó ṣáájú, ó ní oòrùn ń pa òun. Mo fún un lómi tútù, mo ní kó jókòó sórí bẹ́ǹṣì mi. Nígbà tó sinmi tán, ó na ẹ̀rọ tó fi ń gba ohùn sílẹ̀ kọjá orí ògiri, ó nà án síhìn-ín, ó nà án sọ́hùn-ún, ó dúpẹ́, ó lọ. Kò wọ inú ọgbà ilé ìwé rárá. Ó mu omi mi tán, ó sì lọ ba tíṣà ọmọ mi lórúkọ jẹ́. Omi yẹn ṣì ń dùn mí di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí.

Obìnrin tó ni kíláàsì tó dákẹ́ yẹn là ń pè ní Tíṣà Jẹ́jẹ́. Kì í pariwo. Á bi àwọn ọmọ ní ìbéèrè kan, á sì dúró kí wọ́n ronú. Kí ọmọ mi tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, tí mo bá ní kó kàwé fún mi, ṣe ló máa ń kọ ọ́ bí orin, ojú rẹ̀ á wà lára àjà. Ní báyìí, iyàn ló ń bá mi jà nínú ilé. Mo bá sọ nǹkan, á ní, "Bàbá mi, kí lẹ rí tí ẹ fi sọ bẹ́ẹ̀?" Ìyá rẹ̀ ní oríkunkun mi ló jogún. Mo ní kì í ṣe oríkunkun, ẹ̀kọ́ ni.

Kí ilẹ̀ tó ṣú lọ́jọ́ náà, ọ̀rọ̀ ti gba àdúgbò kan. Obìnrin aránṣọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ní òun ti ń fura tipẹ́, pé tíṣà téèyàn kì í gbọ́ ohùn rẹ̀ lójú títì, kí ló ń ṣe níbẹ̀? Àwọn òbí kan gba ọ̀dọ̀ ọ̀gá ilé ìwé lọ pé kó gbé e kúrò. Ọ̀gá ní ọ̀rọ̀ ti kọjá òun, pé ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ ti gbọ́ rédíò, wọ́n sì fẹ́ gbé e lọ sí ilé ìwé tó jìnnà ní ìparí oṣù. Nígbà tí ọmọ mi gbọ́, kò bá mi jiyàn mọ́. Ìyẹn gan-an ló dà mí láàmú jù.

Bí mo ṣe wà nínú aṣọ iṣẹ́ ni mo ṣe kọrí sí ilé iṣẹ́ rédíò. Ìyàwó mi ní kí n má lọ jà o. Mo ní mi ò ní jà, omi mi ni mo fẹ́ lọ gbà.

Mo rò pé wọ́n á lé mi lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n kàn bi mí pé ta ni mo wá rí ni. Mo ní ẹni tó bá ga jù. Obìnrin àgbàlagbà kan ló jáde sí mi. Òun ni olóòtú ìròyìn, ìyẹn ẹni tó ń yẹ ìròyìn wò kó tó jáde. Ó mú mi wọ yàrá kékeré kan tí wọ́n fi fóòmù bo ògiri rẹ̀, ó fún mi ní àga, ó tún gbé omi fún mi. Mi ò mu ún.

Mo ní kó jẹ́ ká tún ìròyìn yẹn gbọ́ lórí ẹ̀rọ. Nígbà tó dé ibi tó dákẹ́, mo nawọ́ sí ẹ̀rọ náà.

"Ẹ gbọ́ nǹkan tó ń han yẹn, mà. Irin tèmi ni. Ṣọ́ọ̀bù mi ló ti gbà á, orí bẹ́ǹṣì mi ló jókòó sí. Kò wọ kíláàsì kankan."

Ó tún un gbọ́. Ó bọ́ jígí ojú rẹ̀. "Bàbá, ẹ ṣeun tí ẹ wá. A ṣe àṣìṣe. Rédíò fẹ́ràn ohùn jù, ibi tí ohùn ò bá sí, a máa ń rò pé iṣẹ́ ò sí níbẹ̀."

Inú mi dùn. Mo wá ní tó bá ti rí bẹ́ẹ̀, kí wọ́n kéde lọ́la pé Tíṣà Jẹ́jẹ́ ló mọ iṣẹ́, pé èyí tó ń pariwo, tí gbogbo wa ń pè ní Tíṣà Agogo, ni kò mọ nǹkan kan.

Ó rẹ́rìn-ín. "Ṣé ẹ ti wọ kíláàsì tirẹ̀ rí?"

Mo ní rárá.

"Ibo lẹ ti ń gbọ́ ọ?"

Mo ní láti ṣọ́ọ̀bù mi ni.

"Orí bẹ́ǹṣì kan náà tí akọ̀ròyìn wa jókòó sí," ni ó wí.

Mo mu omi náà.

Ó wá ṣàlàyé fún mi bó ṣe yẹ kí wọ́n ṣe ìròyìn nípa tíṣà. Ó ní akọ̀ròyìn gbọ́dọ̀ gba àṣẹ lọ́wọ́ ọ̀gá ilé ìwé, kó wọlé, kó jókòó sẹ́yìn láti ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ dé ìparí, kó sì tún padà lọ lọ́jọ́ mìíràn. Kó wo ohun tí àwọn ọmọ lè dá ṣe fúnra wọn, kì í ṣe ohun tí wọ́n há sórí. Kó béèrè iye ọmọ tó wà níwájú tíṣà àti ìwé tó wà nílẹ̀. Kó má dárúkọ ọmọ kankan síta. Èyí tó wá ṣe pàtàkì jù, kó tó sọ pé ẹnì kan ò ṣiṣẹ́, kó gbọ́ tẹnu onítọ̀hún. Ó ní akọ̀ròyìn tiwọn ò ṣe ìkankan níbẹ̀, òun náà ò sì bi í.

Mo ní kí wọ́n rán ẹlòmíràn wá. Ó kọ̀. Ó ní ẹni tó ṣe é ló máa tún un ṣe.

Ọkùnrin náà wá lóòótọ́. Ó kí mi, mo jẹ́ ẹ. Mi ò fún un lómi. Àmọ́ mi ò gé irin kankan ní gbogbo àárọ̀ ọjọ́ náà.

Ní kíláàsì Tíṣà Jẹ́jẹ́, orí àga ọmọdé ni wọ́n fi í sí, eékún rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n. Nígbà tó yá, ó ní kí àwọn ọmọ ka ọ̀rọ̀ tí ilé iṣẹ́ rédíò kọ sára báàgì rẹ̀, ohun tí ẹnikẹ́ni ò kọ́ wọn rí. Ọmọ mi kà á: "Rédíò Tó Ń Gbọ́ Tẹnu Gbogbo Ènìyàn." Ó gbé ojú sókè, ó ní, "Ìgbà wo lẹ gbọ́ tẹnu tíṣà wa?" Ọkùnrin náà fúnra rẹ̀ ló wá sọ èyí fún mi.

Ní ti Tíṣà Agogo, nígbà tí akọ̀ròyìn nawọ́ sí ọ̀rọ̀ kan láàárín ojú ìwé tí àwọn ọmọ ti ń ké, ọ̀pọ̀ wọn ò mọ̀ ọ́n kà. Àmọ́ kò sáré sọ ọ́ síta. Ó bi tíṣà. Ó wá hàn pé kíláàsì méjì ni wọ́n dà pọ̀ fún ọkùnrin yẹn, látìgbà tí tíṣà kan ti lọ tí wọn ò fi ẹnikẹ́ni rọ́pò rẹ̀. Ìwé kan, ọmọ mẹ́rin ló ń wò ó.

"Tí mi ò bá ní kí wọ́n ké tẹ̀lé mi," ni Tíṣà Agogo wí, "àwọn tó wà lẹ́yìn ò ní rí nǹkan kan ṣe. Ṣé ẹ rò pé ó wù mí ni? Ọ̀fun mi ti bó tán."

Ọjọ́ tí ìròyìn kejì jáde, aránṣọ gbé iṣẹ́ rẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù mi ká lè jọ gbọ́. Akọ̀ròyìn kọ́kọ́ jẹ́wọ́ pé ẹ̀yìn ògiri lòun dúró sí nígbà àkọ́kọ́, ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Tíṣà Jẹ́jẹ́. Ó wá jẹ́ ká gbọ́ kíláàsì rẹ̀. Ohùn obìnrin náà béèrè ìbéèrè kan. Ibẹ̀ dákẹ́. A gbọ́ tí wọ́n ń ṣí ìwé, a gbọ́ pẹ́ńsù lórí bébà. Aránṣọ dá abẹ́rẹ́ dúró. Lẹ́yìn náà ohùn ọmọ kékeré kan ní, "Mo ti rí i, mà."

Wọn ò gbé Tíṣà Jẹ́jẹ́ lọ mọ́. Kò pẹ́ tí ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ fi rán tíṣà kan wá kí wọ́n lè pín kíláàsì Tíṣà Agogo sí méjì, ọkùnrin náà sì ti ń sọ̀rọ̀ bí èèyàn. Ọmọ mi ti padà sídìí iyàn. Aránṣọ ní látilẹ̀ lòun ti mọ̀ pé obìnrin náà dáa. Àràárọ̀ ni mò ń rán an létí ohun tó sọ.

Akọ̀ròyìn náà wá ṣe géètì lọ́dọ̀ mi láìpẹ́ yìí. Mo ṣe é fún un, ó dúró dáadáa. Ó tọrọ omi. Mo fún un, lẹ́yìn tó ti tọrọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì.

Ẹ̀yin òbí, tí ẹ bá gbọ́ ìròyìn nípa tíṣà ọmọ yín, ẹ kọ́kọ́ béèrè bóyá akọ̀ròyìn náà fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọ kíláàsì, bóyá ó sì gbọ́ tẹnu tíṣà náà. Tó bá jẹ́ pé kò ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ má jà, ẹ má sì dákẹ́. Ẹ lọ bá olóòtú ìròyìn, ẹ sọ ọjọ́ tí ìròyìn náà jáde àti ohun tí kò tọ́ níbẹ̀. Ẹ̀tọ́ yín ni. Ẹ má tìtorí ohun tí wọ́n sọ nínú rédíò nìkan lé tíṣà, ẹ má sì fi ariwo díwọ̀n ẹ̀kọ́. Ẹ béèrè iye ọmọ tó wà lọ́rùn rẹ̀ kí ẹ tó bínú sí i.

Ẹ̀yin akọ̀ròyìn, ẹnu ọ̀nà wà lára ilé ìwé. Ẹ gba ibẹ̀ wọlé.