Ohùn Tí Babájídé Kò Fi Sílẹ̀

Ohùn ìyá Babájídé ti ń jáde nínú kọ̀ǹpútà kí ó tó tẹ̀ ẹ́ pé kó dún rárá. Ọ̀sán gangan ni, oòrùn Ìpótì ń jó lórí páànù, síbẹ̀ yàrá náà tutù bí inú kànga.

Ìyá náà ti kú tipẹ́. Ọ̀la ni ìsìn ìrántí rẹ̀. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni Babájídé, òun ló sì máa ń dá orin ní ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà. Ohùn tó fi ń dá a ni iyì rẹ̀. Ó fẹ́ kí ìjọ gbọ́ Màmá kí òun tó dá orin tí Màmá fẹ́ràn jù.

Jacob ará Aràmọ̀kọ, tí wọ́n jọ ṣe tíṣà, ló kó ohùn àwọn àgbà Èkìtì láti inú kásẹ́ẹ̀tì àtijọ́ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ìkànnì náà máa tó kógbá wọlé. Jacob kọ ọ́ gàdàgbà síwájú rẹ̀ pé: "Ẹ mú ẹyọ kan, ẹ sinmi, kí ẹlòmíì náà lè ráyè. Ẹni tó bá mú, kó gba ohùn tirẹ̀ sílẹ̀ fún wa."

Babájídé rẹ́rìn-ín. Ṣé ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń kó ẹrù jáde nínú ilé tó ń jó? Ó ní kí kọ̀ǹpútà fa gbogbo rẹ̀ wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó kó o tán, kò fi nǹkan kan sílẹ̀, ohùn tirẹ̀ pàápàá.

Ìgbà yẹn ni ohùn Màmá dìde fúnra rẹ̀. Ó ń sọ bí wọ́n ṣe ń sá kòkó láyé ìgbà ọmọge rẹ̀. Inú Babájídé dùn débi pé omijé bọ́ lójú rẹ̀. Lójijì, Màmá dákẹ́.

"Ulé ti kún," ló wí, bí ará Èkìtì ṣe ń pe ilé. "Babájídé, ó kàn ọ́."

Àyà rẹ̀ já. Àfi bó ṣe rántí pé ọmọdé ni òun lọ́jọ́ tí wọ́n gba ohùn yẹn sílẹ̀. Wọ́n ní kí òun náà sọ̀rọ̀, òun sì sá sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ yẹn ló ń dún, ó rò; ọkàn rẹ̀ balẹ̀ díẹ̀.

Fóònù dún. Jacob ni.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ọ̀sán. Ẹ ṣeun tí ẹ fi ohùn tiyín sílẹ̀ lórí ìkànnì."

Babájídé la ẹnu láti bi í pé kí ni òun fi sílẹ̀. Èémí nìkan ló jáde. Ó tún gbìyànjú, kò dún.

Jacob rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, báwo lẹ ṣe ṣe é? Ẹ̀yin àti Màmá lẹ jọ ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ẹ ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí ẹ máa lọ sílé."

Fóònù bọ́ lọ́wọ́ Babájídé. Ó di ọ̀fun ara rẹ̀ mú. Miriam, ìyàwó rẹ̀, pè é láti ilé ìdáná.

"Bàbá Túnmiṣe, ẹ wá jẹun o!"

Ó fi gbogbo agbára pariwo. Kò dún.

Nínú kọ̀ǹpútà, ohùn tó dá ṣáká, tí gbogbo ìjọ mọ̀, dáhùn pé: "Mò ń bọ̀."

"Ẹ má pẹ́ o, ọbẹ̀ ń tutù," ni Miriam wí, ó sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.